Ọmọ Tó Sùn Bí Òkú: Lámèyítọ́ Lórí Ìdákẹ́jẹ́ Ramana Maharshi

Lọ́dún 1896, nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yóògà, ọ̀kan ò sì gbúròó èkejì. Ìwé tí Vivekananda, olùkọ́ ẹ̀sìn Híńdù ará Íńdíà, pè ní Raja Yoga jáde, ó sì la ojú ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà àti Yúróòpù sí ẹ̀kọ́ tí Patanjali ti fi ẹsẹ ọ̀rọ̀ kúkúrú tó súnmọ́ igba kó jọ láyé àtijọ́. Lọ́dún yẹn kan náà, ní ìlú Madurai ní gúúsù Íńdíà, ọmọkùnrin ọlọ́dún 16 kan, Venkataraman, dá jókòó ní yàrá òkè nílé arákùnrin bàbá rẹ̀. Àìsàn kankan ò ṣe é. Ẹ̀rù ikú kàn dédé bà á ni. Kò wá dókítà lọ, kò ké sí ará ilé. Ó nà gbalaja, ó mú apá àti ẹsẹ̀ le gbagidi, ó pa ètè dé, ó sé èémí. Ó ń ṣe òkú. Ó wá ń rò ó pé bí wọ́n bá gbé ara yìí lọ sun, ṣé òun náà jóná nìyẹn? Ìgbà tó fi dìde, ẹ̀rù náà ti lọ, kò sì padà wá mọ́ títí ó fi papò dà ní 1950.

Àwọn olùkọ́ yóògà òde òní fẹ́ràn ìtàn yìí, àmọ́ mo rò pé ọ̀pọ̀ wọn ń kà á sódì. Wọ́n á ní ara tó dúró jẹ́ẹ́ ló fa ọkàn mọ́ra. Ọmọ yẹn ò kọ́ yóògà rí, kò ka Patanjali. Eré ló ń ṣe, eré ẹni tó fẹ́ wo ikú lójú. Ọ̀dọ̀ Patanjali fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ẹsẹ tó fi sọ̀rọ̀ nípa bí a ṣe ń jókòó kò ju bíi mẹ́ta lọ: kí ìjókòó dúró ṣinṣin, kó má sì ni ènìyàn lára. Bí ọkàn tó ń ru gùdù yóò ṣe rọlẹ̀ ló jẹ ẹ́ lógún. Púpọ̀ nínú ìdúró àràmàǹdà tí a ń rí lórí ẹní rọ́bà lónìí, ààfin Mysore ní Íńdíà ni wọ́n ti gba àwọ̀ tí ayé mọ̀ wọ́n sí, nígbà tí olùkọ́ yóògà Krishnamacharya ń kọ́ni níbẹ̀ ní ẹ̀wádún 1930.

Venkataraman sá kúrò nílé, ó sì dé ẹsẹ̀ òkè Arunachala ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti padà sọ ọ́ ní Ramana Maharshi. Ní 1902, òṣìṣẹ́ ìjọba kan, Sivaprakasam Pillai, kó ìbéèrè wá bá a. Kì í sọ̀rọ̀ nígbà náà, nítorí náà kíkọ ló ń kọ èsì. Inú èsì wọ̀nyẹn ni ìwé pẹlẹbẹ Nan Yar ti jáde, èyí tó túmọ̀ sí "Ta ni èmi?" lédè Tamil. Ó gbà níbẹ̀ pé sísé èémí máa ń mú ọkàn rọ̀, àmọ́ fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí ẹni so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ni mo ṣe rí i: okùn ló mú un dúró, ojú rẹ̀ ṣì wà nínú oko ẹ̀gẹ́. Ọ̀nà ti Ramana ni pé bí èrò bá yọjú, kí o bi í pé ta ló ń rò ó. Mo ń bínú. Ta ló ń bínú? Èmi ni. Ta wá ni èmi? Ẹni tó bá fi ẹnu dáhùn ti pàdánù eré náà.

Lójú títì wa, ọ̀rọ̀ yìí ní ìbátan tí kò dára. "Ṣé o mọ ẹni tí mo jẹ́?" Ẹni tó ń bi ọlọ́pàá bẹ́ẹ̀ kò wá ìmọ̀, oyè ló fẹ́ kà. Ìbéèrè Ramana ń bọ́ oyè sílẹ̀ ni: ó bọ́ agbádá, ó bọ́ dàńṣíkí, ó bọ́ bùbá, ó tún ń bi ẹni tó kù. Èmi àti ẹ̀mí sì jọra wọn létí wa; n kò ní kọ́lé sórí ìyẹn, àmọ́ ta ni yóò ní òun ò gbọ́ ọ?

Ohun kan wà tí n kò lè gbójú fò. Ní 1898, ìyá rẹ̀, Alagammal, wá a dé orí òkè náà. Ó bẹ̀ ẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, ó sunkún. Ọmọ ò fọhùn. Nígbà tí àwọn tó wà níbẹ̀ bẹ̀ ẹ́, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ohun tí kò ní ṣẹlẹ̀ kò ní ṣẹlẹ̀, kí ènìyàn yáa dákẹ́. Ìyá padà sílé. Ọgbọ́n gidi ni àwọn ọmọlẹ́yìn rẹ̀ pe ìwé yẹn. Èmi tí wọ́n kọ́ pé òrìṣà bí ìyá ò sí, mo kà á bí ọ̀rọ̀ ẹni tí ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ò tíì gbó.

Torí ó gbó nígbà tó yá. Òǹkọ̀wé Paul Brunton ló mú ayé mọ gbọ̀ngàn tó ti ń jókòó ní ìdákẹ́jẹ́ nínú ìwé tó tẹ̀ ní 1934, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ló wù mí jù. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọkùnrin tí wọ́n ń dọ̀bálẹ̀ fún yìí ti wà níbẹ̀ tó ń gé ẹ̀fọ́ pẹ̀lú àwọn yòókù, kì í sì í gbà kí wọ́n bu oúnjẹ tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìyá náà ti padà wá kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ní 1916, ó wá bá ọmọ rẹ̀ gbé lórí òkè, ó ń se oúnjẹ fún wọn. Lọ́jọ́ tí yóò kú, nínú oṣù karùn-ún ọdún 1922, Ramana jókòó tì í láti àárọ̀ títí di alẹ́, ọwọ́ kan láyà rẹ̀, ọwọ́ kejì lórí rẹ̀. Wọ́n sin ín sí ẹsẹ̀ òkè. Láti ìgbà náà ni ọmọ ti ń sọ̀kalẹ̀ wá síbi ibojì, tó sì ń gun òkè padà. Lọ́jọ́ kan, kí ọdún náà tó parí, ó sọ̀kalẹ̀, kò sì gùn ún padà mọ́.