Agogo Ẹnu Apàlọ́: Ìfìwàwẹ̀dá Bàbá Àgbà nínú Àlọ́ Orí Tẹlifíṣọ̀n

Ìfáàrà

Nígbà tí apàlọ́ bá pa àlọ́ rẹ̀ tán, kì í kàn dìde lọ. Ó ní láti búra. Yóò ní bí òun bá purọ́, kí agogo ẹnu òun má ṣe ró. Lẹ́yìn náà ni yóò lu ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, tí gbogbo agbo yóò sì gbọ́ ìró rẹ̀. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn sábà máa ń ka èyí sí ìlànà ìparí lásán, wọn a sì kọjá lọ sórí ìtàn fúnra rẹ̀. Èrò àpilẹ̀kọ yìí ni pé ibẹ̀ gan-an ni ó yẹ kí lámèyítọ́ ti bẹ̀rẹ̀ bí a bá ń yẹ àlọ́ orí tẹlifíṣọ̀n wò. Ìbúra náà ni ó sọ apàlọ́ di ẹni tí a lè mú lọ́rọ̀. Nígbà tí àlọ́ wá di ètò àwọn ọmọdé lórí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, ẹnu ta ni ó kù tí a lè fi búra?

Ẹ̀dá-ìtàn tí àyẹ̀wò yìí dá lé ni Bàbá Àgbà, èyí tí olóògbé Jímì Ṣólàńkẹ́ fi ọ̀pọ̀ ọdún gbé wọ̀ nínú àwọn ètò bí African Stories àti Storyland. A ó fi wé Áńtí inú Tales by Moonlight ti NTA, a ó sì yọjú wo Sesame Street ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti Sesame Square tí ó bí sí ilẹ̀ wa. Ibi tí a dúró sí láti wo ọ̀rọ̀ náà ni Mówè, Ìbàfò àti Ifọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn. Mówè àti Ìbàfò wà lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ifọ̀ wà lójú ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ibẹ̀ ni ó ń jí lọ sí Èkó kí ilẹ̀ tó mọ́, tí wọn kì í sì í padà títí oorun yóò fi máa kun àwọn ọmọ. Ọmọ tí òbí rẹ̀ bá ṣí wá tẹ̀dó sí irú ìlú bẹ́ẹ̀ lè máà ní ìyá àgbà kankan nítòsí. Ojú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni a fi wo ẹni tí ó ń pàlọ́ nínú àpótí.

Bí kámẹ́rà ṣe sọ apàlọ́ di ẹ̀dá-ìtàn

Nínú àlọ́ àpagbè, apàlọ́ fúnra rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dá-ìtàn. Ìjàpá, Yánníbo, Ajá àti Erin ni ẹ̀dá-ìtàn. Apàlọ́ wà lóde ìtàn, àwọn ọmọ sì mọ̀ ọ́n: ìyá wọn ni, tàbí bàbá àgbà, tàbí aládùúgbò. Wọ́n lè já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n lè sọ fún un pé kì í ṣe bí ó ṣe pa á lánàá nìyẹn. Tẹlifíṣọ̀n, tí ó kọ́kọ́ dé ilẹ̀ Yorùbá nígbà tí WNTV bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31, oṣù kẹwàá, ọdún 1959, ni ó mú apàlọ́ wọ inú férémù. Ó fún un ní aṣọ tí a fi ń dá a mọ̀, ní ìjókòó, ní ìkíni tí kì í yí padà, àti ní ọjọ́ kan lọ́sẹ̀. Òǹwòran ń rí i. Òun kò rí òǹwòran.

Tales by Moonlight, tí Victoria Ezeokoli dá sílẹ̀ tí NTA sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 1984, jẹ́ àpẹẹrẹ kan. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, àwọn ọmọ yóò jókòó yí obìnrin kan ká. Nkem Oselloka-Orakwue ni ojú tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì ń rántí. Obìnrin náà yóò ṣí ìtàn, àwòrán yóò sì yí padà: àwọn òṣèré yóò gba ìtàn náà lọ́wọ́ rẹ̀, wọn yóò sì ṣe é bí eré. Nígbà tí eré bá parí, a ó padà sọ́dọ̀ rẹ̀, yóò sì bi àwọn ọmọ léèrè ohun tí wọ́n rí kọ́.

Ọ̀nà ti Ṣólàńkẹ́ yàtọ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ eré oníṣe ní Yunifásítì Ìbàdàn ni ó ti kọ́ṣẹ́. Ó kópa nínú fíìmù Kongi's Harvest ti 1970, ó sì ṣe Ọba Ovonramwen nínú eré Ọlá Rótìmí. Ẹni tí ó ti gbé oyè ọba wọ̀ lórí ìtàgé kò ní í fi ìtàn sílẹ̀ fún àwọn mìíràn. Òun ni Ìjàpá, òun ni ọba tí ń bínú, òun náà ni ó ń dá orin. Ohùn rẹ̀ tó rinlẹ̀ kò kúrò nínú ìtàn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Níbi tí Tales by Moonlight ti lo apàlọ́ bí ẹni tí ń ṣílẹ̀kùn, tí eré yóò sì gba ẹnu ọ̀nà náà wọlé, Bàbá Àgbà ni ilẹ̀kùn, òun náà ni ilé. Ohun tí a sọ pé ó ṣẹlẹ̀, ẹnu kan ṣoṣo ni ó ti wá.

Áńtí, Áńkù, Bàbá Àgbà

Ọ̀rọ̀ ìbátan tí a fi ń pe apàlọ́ orí tẹlifíṣọ̀n kì í ṣe ohun kékeré. Áńtí kì í ṣe ìyá, kì í sì í ṣe ẹ̀gbọ́n. Orúkọ olùkọ́ nọ́sírì ni. Orúkọ tí ọmọ ń pe obìnrin tí ń gbé yàrá kejì ni. Ó jẹ́ ìbátan tí kò nílò ẹbí, ìdí nìyí tí ó fi bá Mówè àti Ìbàfò mu: ní àdúgbò tí Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀bú, Ìgbò àti Ẹ̀gùn ti ń fa omi nínú kànga kan náà, Áńtí ni ọ̀rọ̀ tí kò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ṣùgbọ́n Áńtí mú iṣẹ́ rẹ̀ bọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́. Ó ń bi ọmọ ní ìbéèrè, ó sì mọ ìdáhùn tí ó tọ́.

Orúkọ méjì ni a mọ Ṣólàńkẹ́ sí láàárín àwọn ọmọdé: Áńkù Jímì àti Bàbá Àgbà. Èkínní ti ìgboro ni, èkejì ti agbo ilé. Ohun tí ó so méjèèjì pọ̀ ni pé ọkùnrin náà darúgbó lójú wa. Irùngbọ̀n tí ó ń funfun kì í ṣe àtíkè àwọn aṣaralóge ìtàgé. Ẹnu àgbà ni obì ti ń gbó, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń wí. Ọjọ́ orí jẹ́ ara ohun tí ó mú kí ìtàn rẹ̀ ní ìwúwo. Ẹ̀dá-ìtàn mìíràn a máa wà bí ó ti wà láti ọdún dé ọdún. Bàbá Àgbà ń lọ síbi tí gbogbo wa ń lọ.

Mo rántí ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ní Ifọ̀, tí iná lọ nígbà tí ìtàn dé àárín. Àwa ọmọ bú sẹ́kún. Ìyá kan nínú ọgbà, tí ó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́bàá ògiri, ní kí a sọ ibi tí wọ́n bá a dé fún òun. A sọ fún un. Kò rí ètò náà rí, ṣùgbọ́n ó parí ìtàn náà, ó fi orin tirẹ̀ sí i, a sì gbè é. Nígbà tí ó ṣe tán, kò bi wá ní ohun tí a rí kọ́. Ó lu ẹnu rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ìyàtọ̀ tí mo rí lálẹ́ ọjọ́ náà: Áńtí fi ìdánwò parí ìtàn, ìyá yìí fi ìbúra parí rẹ̀. Nínú ìdánwò, ọmọ ni ó ń jẹ́jọ́. Nínú ìbúra, àgbà ni.

Èdè àti ègbè

Àwọn kan yóò sọ pé àléébù tó tóbi jù nínú àwọn ètò wọ̀nyí ni pé èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń sọ ìtàn, Yorùbá sì wà nínú orin nìkan bí ó bá tilẹ̀ wà. Òótọ́ ni, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ bò ó. Ọmọ tí ó mọ orin tí kò mọ èdè ń gbe ohun tí kò yé e. Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó kù. Nínú àlọ́ àpagbè, orin ni kì í tètè yí padà bí ìtàn ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu. Abájọ tí Adébóyè Babalọlá kò fi yọ orin sílẹ̀ nígbà tí ó ń kó àlọ́ jọ sínú Àkójọpọ̀ Àlọ́ Ìjàpá. Orin ni ó sì ń pe ègbè. Àwọn ọmọ tí ó jókòó ní sítúdíò ń gbè nítorí pé wọ́n ní kí wọ́n gbè. Ọmọ tí ó ń gbè nínú pálọ̀ ní Ìbàfò, ta ni ó rán an? Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó gbè nítorí pé ojú ènìyàn ni ó rí. Ibí yìí ni àṣeyọrí Bàbá Àgbà wà, láìka èdè sí.

Ẹni tí ó lè kú

Sesame Street, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 10, oṣù kọkànlá, ọdún 1969, fi ọ̀nà méjì hàn wá tí a lè gbà lo ẹ̀dá-ìtàn tó jẹ́ ènìyàn. Gordon dà bí oyè: Matt Robinson jẹ ẹ́, Hal Miller jẹ ẹ́, Roscoe Orman sì jẹ ẹ́ láti 1974 lọ. Ẹni lọ, ipò kù. Mr. Hooper, oníṣọ́ọ̀bù, kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Will Lee tí ó ń ṣe é kú ní oṣù kejìlá ọdún 1982, wọn kò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀. Ní ọjọ́ 24, oṣù kọkànlá, ọdún 1983, wọ́n sọ fún Big Bird, àti fún àwọn ọmọ tí ń wò, pé Mr. Hooper ti kú, kò sì ní í padà wá. Ètò náà kò purọ́ fún ọmọdé. Bí a bá fi ojú Yorùbá wò ó, ìbúra ni wọ́n ṣe lọ́jọ́ náà.

Nínú Sesame Square ti Nàìjíríà, àwọn ọmọláńgidi ni ó gba iwájú: Zobi, awakọ̀ tasín tí ó fẹ́ràn iṣu, àti Kami, ọmọbìnrin tí ó ń gbé pẹ̀lú kòkòrò HIV. Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe lórí ìlera àti ìmọ̀wé kò ṣeé fojú tín-ín-rín. Àmọ́ Kami kò ní í dàgbà, Zobi kò ní í hu ewú. Ẹnu aṣọ ni ẹnu wọn. Bí a bá lù ú, kò ní í ró.

Àgbálọgbábọ̀

Jímì Ṣólàńkẹ́, ọmọ Ìpara Rẹ́mọ, jáde láyé ní ọjọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 2024, ní ẹni ọdún 81. Àwọn tí ó gbe orin rẹ̀ ti di òbí báyìí. Àwọn mìíràn nínú wọn ń gbé Mówè àti Ìbàfò, wọ́n wà nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọ̀nà márosẹ̀ nígbà tí ọmọ wọn ń wo àlọ́ lórí fóònù, níbi tí ìtàn kan ti ń bẹ̀rẹ̀ kí èkejì tó parí dáadáa, tí kò sì sí ojú ẹni tí ó ń pa á.

A ti ka apàlọ́ orí tẹlifíṣọ̀n sí ayédèrú fún ìgbà pípẹ́, a sì fi í sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ìbánisọ̀rọ̀. Àṣìṣe wa nìyẹn. Ìṣeré Bàbá Àgbà jẹ́ tẹ́ẹ̀sì lítíréṣọ̀ alohùn tí ó yẹ kí a wá káàkiri, kí a dà á kọ pẹ̀lú orin àti ègbè rẹ̀, kí a sì fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa kí téèpù tó jẹrà. Bí a bá sì ń dà á kọ, kí a má ṣe dúró níbi ẹ̀kọ́ inú ìtàn. Kí a wo bí ó ṣe parí, kí a sì bi ara wa bóyá ẹnì kan wà níbẹ̀ tí ó fi ẹnu ara rẹ̀ dúró fún ohun tí ó sọ.