Òwú Tó Di Adé Mú

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe adé ìlẹ̀kẹ̀, kó má kọ́kọ́ wo ìlẹ̀kẹ̀. Egungun adé niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Láyé àtijọ́, imọ̀ ọ̀pẹ ni oníṣọ̀nà máa ń là, á fá a tẹ́ẹ́rẹ́, á wá hun ún bíi ti agbọ̀n, á máa fún un mọ́ra bó ti ń gòkè títí orí rẹ̀ á fi ṣóńṣó. Páálí ni àwọn mìíràn ń lò báyìí. Lẹ́yìn náà ló kan aṣọ. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú sítáàṣì, wọ́n á fún un díẹ̀, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ egungun, wọ́n á sì fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ́ ẹ kó má ká jọ níbì kankan. Ìpele kan gbọ́dọ̀ gbẹ kí òmíràn tó gùn ún.

Àkísà tí wọ́n rẹ sí sítáàṣì yìí kan náà ni wọ́n fi ń mọ ojú sára adé. Oníṣọ̀nà á lọ́ ọ, á ká a, á fi àtàǹpàkò tẹ ihò ojú, á fa imú gùn, á sì la ètè sí méjì. Ó di oòrùn. Ẹni tó bá kánjú rán ìlẹ̀kẹ̀ sórí ojú tó ṣì tutù nínú yóò rí i pé imú ti wọ́ bó bá gbẹ tán.

Ìgbà yìí ni àwo ìlẹ̀kẹ̀ tó dé, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan nínú àwo tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ tín-ín-rín á wọ inú àwo, á kó bíi mẹ́ta mẹ́rin jáde. Èyí tó sanra ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, àti èyí tí ihò rẹ̀ wọ́, ìka ti ta wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ojú tó rí wọn. Wọ́n á tẹ́ òwú tí wọ́n ti sín yìí sórí aṣọ, abẹ́rẹ́ kejì á yọ láti ìsàlẹ̀, á ré òwú kọjá láàárín ìlẹ̀kẹ̀ méjì, á padà wọlé, wọ́n á sì fà á le. Wọ́n á fo mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n á tún gún un. Bí wọ́n bá dé etí ojú, níbi tí ìlà ti ń yí, wọn kì í fò tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Níbẹ̀, kò sí ìlẹ̀kẹ̀ méjì tí òwú kì í dì. Ẹ ó rí i pé àwọ̀ kì í sábà dà pọ̀ lórí òwú kan. Ibi tí ìlà pupa ti dúró tí ti funfun gbà á ni ọnà ti ń jáde.

Òkukù, tó jọ wà pẹ̀lú Ìgbàyè àti Ìníṣà ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Odò-Ọ̀tìn, ní irú adé bẹ́ẹ̀ débi pé odidi ìwé kan ni Ulli Beier, òǹkọ̀wé ará Jámánì, kọ lórí adé Olókukù, ọba ìlú náà, tó jáde ní 1982. Ìlú Glowitz ni wọ́n ti bí Beier ní 1922. Jámánì ló ni ín nígbà náà. Poland ló ni ín lónìí, Główczyce sì lorúkọ rẹ̀. Ní 1950 ló dé Nàìjíríà. Ìlẹ̀kẹ̀ wẹ́wẹ́ náà, púpọ̀ nínú wọn ló ti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yọ́ dígí ní Venice wá, tàbí ní Bohemia tó bá Poland pààlà. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín: àlejò rìn jìnnà, ó wá bá ìlẹ̀kẹ̀ ará àdúgbò rẹ̀ lórí ọba.

Ẹyẹ orí adé àti ìlẹ̀kẹ̀ tó ń bo ojú ọba ló máa ń kẹ́yìn. Ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń sín lọ́tọ̀. Òwú á yí ìlẹ̀kẹ̀ ìsàlẹ̀ pátápátá ká, á sì padà gba inú àwọn yòókù gòkè. Bí ọ̀kan bá já, ìyókù kò ní tú. Inú adé kì í ṣe ohun tí ọba ń wò, nítorí oògùn tó wà níbẹ̀. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń gbé e lé e lórí.

Dígí kì í jẹrà, òwú ló ń jẹrà. Nítorí náà, adé tó pẹ́ a máa padà sọ́dọ̀ oníṣọ̀nà. Yóò tú ìlà tó ti rọ̀, yóò fọ ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, yóò sì tún un sín sórí òwú tuntun. Bí díẹ̀ bá ti sọnù, kì í fẹ́ fi tuntun dí i níwájú, nítorí dídán rẹ̀ á yàtọ̀. Ẹ̀yìn adé ni yóò ti yọ àwọn àtijọ́, yóò sì rán tuntun síbẹ̀.