Àwọ̀ Yìí, Inú Ìmọ́lẹ̀ Wo Lẹ Ti Wò Ó?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan ní Lágéré, ní Ilé-Ifẹ̀, mo gbé áàpù tí mo ṣe fún àwọn ọlọ́jà lé ìyá onígàrí kan lọ́wọ́. Wọ́n fi ọwọ́ ṣíji bo fóònù, wọ́n sún un mọ́jú, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé nǹkan wà níbẹ̀ ni?"

Nǹkan wà níbẹ̀. Iye owó ni, lẹ́tà aláwọ̀ eérú lórí funfun. Mo sì ti yẹ àwọ̀ náà wò kí n tó gbé áàpù jáde. Ó yege.

Ìlànà tí mo fi yẹ̀ ẹ́ wò ni WCAG, tí àwa oníṣẹ́ wẹ́ẹ̀bù ń tẹ̀ lé kárí ayé. Ó ní kí ìyàtọ̀ ìmọ́lẹ̀ láàrin lẹ́tà kékeré àti ẹ̀yìn rẹ̀ má dín sí 4.5 sí 1. Eérú tèmi, #767676, gba 4.54. Ìlànà yìí ti ran ọ̀pọ̀ ẹni tí ojú wọn ò ríran dáadáa lọ́wọ́. Mi ò bá a jà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká tú ìṣirò rẹ̀ wò. Kí wọ́n tó fi ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ kan pín èkejì, wọ́n á fi 0.05 kún ọ̀kọ̀ọ̀kan. 0.05 yẹn ló dúró fún ìmọ́lẹ̀ àyíká tó ń ta sójú gíláàsì: ìdá kan nínú ogún ìmọ́lẹ̀ funfun fóònù péré. Inú yàrá nìyẹn, kì í ṣe Lágéré.

Mo wá fi 1 rọ́pò 0.05, bí ẹni pé ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó ń ta padà lójú gíláàsì tó ti funfun fóònù fúnra rẹ̀. 4.54 di 1.69. Kódà dúdú pátápátá lórí funfun, tó jẹ́ 21 tẹ́lẹ̀, di 2!

Kì í ṣe pé gbogbo ẹni tó kọ ìlànà ló gbàgbé ìmọ́lẹ̀. HP àti Microsoft dá sRGB lábàá ní 1996, òun sì ni ọ̀pọ̀ àwọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì dúró lé. Wọ́n kọ ìmọ́lẹ̀ yàrá tí a ó ti wò ó sínú rẹ̀: 64 lux. Oòrùn ọ̀sán gangan lè tó 100,000 lux. Àwa tí a ń kọ́ṣẹ́ àti àwọn tó ń kọ́ wa la mú nọ́ńbà, tá a ju yàrá nù.

Ifẹ̀ yìí kan náà làwọn ayàwòrán kan ti kọ irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Moyọ̀ Òkédìjí, Kúnlé Fílàní, Tọ́lá Wewé, Bọ́lájí Campbell àti Túndé Nasiru dá ẹgbẹ́ Ọnà sílẹ̀ ní 1989. Òkédìjí fi ọ̀dà inú ike sílẹ̀, ó lọ wa àwọ̀ nínú ilẹ̀. Campbell kọ ìwé *Painting for the Gods* (2008) lórí àwòrán ara ògiri ojúbọ, irú èyí táwọn obìnrin ń kùn sí ojúbọ Òrìṣà Ìkirè.

Ẹ má jẹ́ ká tan ara wa o. Àwọn kan á ní funfun, pupa àti dúdú wa ti tó. Kò tó. Yẹ́lò wà lábẹ́ pupa, bẹ́ẹ̀ ẹ kọ yẹ́lò sórí funfun, kò ní hàn. Ohun tí mo rí kọ́ lára àwọn obìnrin yẹn kì í ṣe orúkọ àwọ̀. Ara ògiri gan-an ni wọ́n ti ń wo ọ̀dà wọn, lójú ìmọ́lẹ̀ tí aráyé máa fi wò ó. Wọn ò nílò ẹni tó máa sọ fún wọn pé ó yege.

Èmi náà ti pààrọ̀ eérú sí dúdú, mo mú lẹ́tà tóbi, mo mú un nípọn. Kí n tó gbé ohunkóhun jáde báyìí, mo máa ń mú fóònù lọ sọ́jà lọ́sàn-án. Ìyá onígàrí ṣì ń fi ọwọ́ ṣíji bò ó, àmọ́ wọ́n ti ń ka iye owó.