Orúkọ Ìlú Kì í Ya Fọ́tò

Ẹ gbọ́ ná. Àbúrò mi kan wà ní Lọ́ńdọ̀n, fọ́tò ìgbéyàwó ló ń yà jẹun. Lóṣù tó kọjá, ó tẹ̀ mí láago pé òun rí lẹ́ǹsì Leica méjì ní ṣọ́ọ̀bù kan, Summilux onímìlímítà 75, àlòkù ni méjèèjì. Wọ́n kọ Kánádà sára ọ̀kan, wọ́n kọ Jámánì sára èkejì. Ti Jámánì fi owó gidi lé ti Kánádà.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, màá kúkú yá owó kún un. Jámánì ni Jámánì ń jẹ́."

Mo ní, "Ṣé o ti fi méjèèjì ya nǹkan wò?"

Rárá o! Kí ló tún kù tí òun fẹ́ wò?

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí àrùn tó ń ṣe gbogbo wa ni. Nígbà kan, "Táíwàn" ni wọ́n fi ń bú ọjà l'Ékòó. Lónìí, "Ṣáínà" ni. Bẹ́ẹ̀ Jàpáànì náà ti jẹ irú èébú yìí rí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ta ló ka lẹ́ǹsì wọn sí? Àfi ìgbà tí David Douglas Duncan, ayàwòrán ìwé ìròyìn Life, dán ti Nikon wò ní Tokyo lọ́dún 1950, tó rí i pé àwòrán rẹ̀ mọ́ ju ti Jámánì tí òun ń lò lọ, tó sì gbé e lọ sójú ogun Kòríà. Ní Desẹ́ńbà ọdún náà, New York Times gbé ìròyìn rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí lẹ́ǹsì àbúrò mi. Ilé iṣẹ́ Leitz ti Wetzlar dá ẹ̀ka sílẹ̀ ní Midland, ní Kánádà, lọ́dún 1952. Walter Mandler, ọmọ Jámánì tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní Wetzlar, wà lára àwọn tó ṣí lọ síbẹ̀. Òun gan-an ló ya bátànì Summilux yìí, tó jáde lọ́dún 1980. Kánádà ni wọ́n ti kọ́kọ́ ń ṣe é, ẹ̀yìn ni wọ́n gbé e lọ sí Jámánì, bátànì jígí inú rẹ̀ kò sì yí padà. Èyí tí àbúrò mi ń yínmú sí ni àkọ́bí! Owó tí ti Jámánì fi lé e, àwọn tó ń kó lẹ́ǹsì jọ sínú àpótí ló fà á.

Zeiss ńkọ́? Nígbà tí wọ́n gbé lẹ́ǹsì ZM jáde, Cosina ní Jàpáànì ló bá wọn ṣe èyí tó pọ̀ jù, Zeiss sì fi orúkọ ara rẹ̀ dúró fún un. Ẹni tó fọwọ́ sọ̀yà pé iṣẹ́ pé ni kí á bi.

N kò ní kí ẹ má wo orúkọ ìlú rárá. Bí ẹ bá fẹ́ tà á lọ́la, Jámánì yẹn á pa owó. Ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì àlòkù, ọwọ́ ẹni tó lò ó ló ń bà á jẹ́. Bó bá pẹ́ níbi ọ̀rinrin, jígí rẹ̀ á bu bíi búrẹ́dì. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀. Ẹ fi ya ògiri bíríkì, kí ẹ wo igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin: bí ọ̀tún bá mọ́ kedere tí òsì rí bàìbàì, jígí kan ti yẹ̀ nípò.

Àbúrò mi padà lọ ní Sátidé, tòun ti tọ́ọ̀ṣì. Ti Kánádà ló rà. Òrùka rẹ̀ le díẹ̀ láti yí. Ó ti gbé e fún ẹni tó ń tún lẹ́ǹsì ṣe, kó fi gírísì sí i.