Ilé Ni A Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ R'Òde

Nígbà tí mo wà ní ọdún ìkẹyìn ní yunifásítì, mo fẹ́ ṣe ìwádìí lórí àwọn agbẹ́gilére agbègbè wa. Olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ní kò sí ìwé tó tó lórí rẹ̀, kí n wá nǹkan mìíràn. Mo kọ nípa ipa tí Facebook ń kó nínú ẹ̀kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Àwọn tó ṣáájú mi ti kọ ọ́. Orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ nìkan ni mo yí padà. Kí n tó gboyè, bàbá àgbà tí mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò ti kú.

Ohun tí mo lòdì sí nìyẹn. Ní Òsí, Àreògún gbẹ́ ère tó gbé orúkọ ìlú dé òkè òkun. Bándélé, ọmọ rẹ̀, ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Fadá Kevin Carroll ní Ọ̀yẹ́-Èkìtì, ó sì kọ́ Lámidì Fákẹ́yẹ níṣẹ́. Fákẹ́yẹ náà sì di olùkọ́ ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀. Ọgbọ́n Òsí ti wọ yunifásítì tipẹ́! Ní Òkè-Ẹ̀rọ̀, níbi tí Ìlọ́fà wà, Bámigbóyè ará Odò-Ọwá gbẹ́ àwọn ère Ẹ̀pà ńláńlá. Ní 2022, Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà pàtẹ iṣẹ́ rẹ̀. Ṣé Amẹ́ríkà ni ọmọ Ìlọ́fà yóò ti lọ mọ aládùúgbò rẹ̀?

Síbẹ̀, ìfẹ́ nìkan kò tó. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá kàn ń yin bàbá bàbá rẹ̀, oríkì ló ń kì, kì í ṣe ìwádìí. Ó gbọ́dọ̀ béèrè: ta ló gbẹ́ ère yìí? Igi wo ni? Ta ló ni kí wọ́n gbẹ́ ẹ? Bí ẹnu àwọn àgbà kò bá kò, kí ó kọ ọ̀rọ̀ méjèèjì sílẹ̀. Ìfẹ́ ni yóò jẹ́ kó padà lọ lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí wọ́n bá ní kó lọ, kó máa bọ̀ lọ́la.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá mú àkòrí tí kò níwèé wá, ẹ má lé e. Àìsí ìwé gan-an ni ìdí tó fi yẹ kí ó kọ ọ́. Ẹ̀yin òbí, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀ fún wọn. Ìwé lè dúró deni. Àgbà kì í dúró títí.