Ojú Wo Ló Fi Rí I? Àyẹ̀wò Ìwé Into Thin Air

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, ìwé Into Thin Air tí Jon Krakauer kọ ní 1997 ti lọ láti ọwọ́ dé ọwọ́ láàrin wa débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ ti já. Gbogbo ẹni tó kà á ló ń sọ̀rọ̀ ìjì àti yìnyín ṣáá. Èmi ò ní pẹ́ lórí ìjì. Ẹni tó ń ròyìn ìjì náà fún wa ni mo fẹ́ yẹ̀ wò.

Ẹ jẹ́ kí n sáré sọ ọ́ fún ẹni tí kò tíì kà á. Ìwé ìròyìn Outside ló rán Krakauer ní 1996 pé kó bá ikọ̀ Rob Hall gun Òkè Everest, tó ga ju 8,800 mítà lọ. Ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún, ikọ̀ Hall àti ti Scott Fischer jọ forí lé ṣóńṣó rẹ̀. Wọn ò tíì so okùn tó yẹ kí wọ́n ti so sílẹ̀, èrò bá há sójú kan. Aago méjì ọ̀sán ló yẹ kí ẹni tí kò bá tíì débẹ̀ yí padà. Doug Hansen, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́ tí Hall ti dá padà ní 1995 nígbà tó kù díẹ̀ kó débẹ̀, kò gúnlẹ̀ títí aago mẹ́rin fi kọjá. Hall dúró dè é. Ìjì ká wọn mọ́bẹ̀. Ẹni mẹ́jọ ló kú, Hall, Hansen àti Fischer wà lára wọn.

Ibi ọ̀rọ̀ Hansen yìí ni Krakauer ti kọ̀wé jù. Kò pe ọkùnrin náà ní olórí kunkun. Ó jẹ́ ká fura pé àánú ló mú Hall rú òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, kò sì wàásù lé e lórí.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀rọ̀ Andy Harris, ọ̀kan nínú àwọn amọ̀nà Hall. Lókè yẹn, ọ́síjìn tí èèyàn ń mí sínú ò ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta ti etí òkun lọ, ọpọlọ a sì máa dàrú. Bí Krakauer ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, ó pàdé ẹnì kan nítòsí àgọ́, ó bá a sọ̀rọ̀, ó ní Harris ni. Ohun tó sọ fáwọn ẹbí Harris náà nìyẹn. Kì í ṣe Harris rárá! Ọmọ ikọ̀ Fischer kan ni. Hall ti sọ lórí rédíò pé ọ̀dọ̀ òun lókè ni Harris wà lóru náà. Krakauer ò fi èyí pa mọ́, mo sì kí i.

Ó dáa. Ẹni tí ojú ara rẹ̀ ti já kulẹ̀ báyìí, kí ló dé tó wá ń sọ̀rọ̀ bí adájọ́ tó bá kan Anatoli Boukreev? Amọ̀nà Fischer ni. Ó gun òkè láìlo ọ́síjìn inú sílíńdà, ó sì ṣáájú àwọn oníbàárà sọ̀ kalẹ̀. Krakauer dá a lẹ́bi fún un. Lóru ọjọ́ náà, Boukreev yìí kan náà ló wọ inú ìjì lọ, tó kó èèyàn mẹ́ta wálé. Krakauer sọ ìyẹn náà o, ó tilẹ̀ yìn ín, àmọ́ ẹ̀bi yẹn ló ń kù lọ́kàn òǹkàwé.

Boukreev fèsì nínú The Climb, tí òun àti G. Weston DeWalt kọ ní 1997 kan náà: ó ní Fischer mọ̀ sí i, kóun lè ní agbára tí wàhálà bá ṣẹlẹ̀. Ká sọ tòótọ́, ìwé náà ò dùn tó tàkọ́kọ́. Ó dà bí ẹni ń ka ìwé ẹ̀sùn ní tèṣán. Òkú kì í jẹ́rìí, Fischer ti lọ. Lopsang Jangbu, olórí àwọn Sherpa Fischer, náà kú lórí òkè yẹn ní oṣù Kẹsàn-án 1996, káwọn ìwé méjèèjì tó jáde. Mélòó nínú wa ló tilẹ̀ rántí orúkọ rẹ̀?

Ẹ ka The Climb kí ẹ tó wá jiyàn.