Ìyìn Tí Ó Ní Ẹ̀bẹ̀ Nínú

Bí a bá gbọ́ pé ìlú kan ná owó rẹpẹtẹ láti gba ọmọ ọba lálejò, tí wọ́n sì tún tẹ ìwé ńlá láti fi ṣe ìrántí ọjọ́ náà, ohun tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn ni pé ìpọ́nni lásán ni. A ó ní àwọn olówó ìlú ń wá ojú rere, àwọn oníṣẹ́ ọnà sì ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Èrò yìí kò jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n kò kó gbogbo òtítọ́ já. Ìwé kan wà tí ó fi yé mi pé ẹni tí ń yin aláṣẹ lè máa fi ìyìn náà bèèrè ohun tí kò lè la ẹnu bèèrè. Pompa Introitus Ferdinandi ni wọ́n ń pe ìwé náà ní èdè Látìn. A lè túmọ̀ rẹ̀ sí “Ayẹyẹ Ìwọ̀lú Ferdinand”. Ó tóbi, ó ṣọ̀wọ́n, àwọn àwòrán inú rẹ̀ ni ó sì sọ ọ́ di ohun tí àwọn ilé ìkàwé ń tọ́jú bí ẹyin.

Ta ni Ferdinand yìí? Àbúrò Philip Kẹrin, ọba Sípéènì, ni. Kádínà nínú ìjọ Àgùdà ni, síbẹ̀ jagunjagun ni pẹ̀lú. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1634, ó wà lára àwọn tí ó ṣẹ́gun ọmọ ogun Súwídìn ní Nördlingen ní ilẹ̀ Jámánì. Lẹ́yìn náà ni ó wá jẹ́ gómìnà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Bẹ́ljíọ̀m lónìí, ní ipò Isabella, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin tí ó papò dà ní 1633. Ọjọ́ 17 oṣù kẹrin ọdún 1635 ni ó wọ ìlú Antwerp. Peter Paul Rubens, ayàwòrán tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ìlú náà, ni ó ṣètò àwọn ẹnu-ọ̀nà ẹ̀yẹ àti àwọn pèpéle tí ọmọ ọba yóò gba ìdí wọn kọjá. Jacob Jordaens àti Cornelis de Vos wà lára àwọn tí ó bá a ṣiṣẹ́. Jan Gaspar Gevaerts, akọ̀wé ìlú, ni ó pèsè àwọn ọ̀rọ̀ Látìn tí wọ́n kọ sí ara wọn. Àrùn oríkèé dá Rubens dúró sílé nígbà náà, ọmọ ọba fúnra rẹ̀ ni ó lọ kí i.

Igi àti aṣọ ni wọ́n fi ṣe àwọn ẹnu-ọ̀nà wọ̀nyí, wọn kò sì kọ́ wọn kí wọ́n lè pẹ́. Ayẹyẹ parí, wọ́n tú wọn palẹ̀. Ìdí nìyí tí ìwé fi di dandan. Theodoor van Thulden, tí òun náà ti yàwòrán fún ayẹyẹ yìí, ni ó fín wọn sára páànù bàbà, Gevaerts sì kọ àlàyé gígùn tì wọ́n. Ohun tí òjò ìbá ti pa tí oòrùn ìbá sì ti ṣá, ìwé gbà á sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo pèpéle kan tí wọ́n gbé kalẹ̀ nítòsí èbúté. Mercury, òrìṣà ọjà àti òwò lọ́dọ̀ àwọn ará Róòmù àtijọ́, ni ó wà ní àárín. Ó ti ń gbéra, ó fẹ́ fò lọ. Obìnrin kan tí ó dúró fún ìlú Antwerp wà ní ìkúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ó má lọ. Odò Scheldt, tí wọ́n yà ní àwòrán arúgbó ọkùnrin, ti sùn lọ fọnfọn, ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ìdè. Ẹ̀gbẹ́ kan ni atukọ̀ tí kò rí iṣẹ́ ṣe wà, wọ́n ti dojú ọkọ̀ rẹ̀ dé. Nínú àwọn àwòrán kéékèèké tí ó wà lápá ọ̀tún àti òsì, ọ̀kan ń sọ ti ọrọ̀, èkejì ń sọ ti òṣì.

Kò sí ará Antwerp tí yóò bèèrè ìtumọ̀ àwòrán yìí. Láti 1585 tí Sípéènì ti gba ìlú náà padà ni àwọn ará Hóláńdì ti sé ẹnu odò Scheldt, tí ọkọ̀ òkun kò sì lè wọlé bí ó ti wù ú mọ́. Ìlú tí ó ní nǹkan bí 100,000 ènìyàn ní àwọn ọdún 1560 ti dín kù sí nǹkan bí 42,000 nígbà tí ó fi di 1589. Òwò ti ṣí lọ sí Amsterdam. Ní àárín ìlù àti fèrè, ní ojú ọ̀nà tí ọmọ ọba kò lè ṣe kí ó má gbà, ìlú na ìyà rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni ń tẹ́ ẹní. Ààbọ̀ ọ̀rọ̀ ni à ń sọ fún ọmọlúwàbí. Bí ó bá dé inú rẹ̀, a di odindi.

Ìhìn ni ẹjọ́ mi pẹ̀lú Gevaerts wà. Ọ̀mọ̀wé ni, n kò bá a du ìyẹn. Ṣùgbọ́n ojú ewé rẹ̀ kún fún ọ̀rọ̀ àwọn akéwì Róòmù àti àpèjúwe owó ẹyọ àtijọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí igbe ìlú fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí abẹ́ ìmọ̀. Ọ̀rọ̀ púpọ̀ kò kún agbọ̀n. Bí mo bá ka àlàyé rẹ̀, mo mọ ohun tí àwọn ará Róòmù gbà gbọ́ nípa òrìṣà wọn. Bí mo bá wo àwòrán Van Thulden, mo mọ ohun tí ó ń dun atukọ̀ tí kò rí iṣẹ́ ṣe. Bẹ́ẹ̀ sì ni, nínú èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwòrán ìwé náà, ẹnu-ọ̀nà nìkan ni ó dá dúró gbagidi, a kò rí èrò tí ó dúró sí ìdí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀gbẹ́ Mercury tí ń lọ ni mo ti bá mẹ́kúnnù pàdé.

Pèpéle mìíràn tún wà, ilé òrìṣà Janus, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ń ṣí sílẹ̀ nígbà ogun. Rubens ya ìbínú ogun bí ó ti ń tú jáde, ó sì ya Àlàáfíà àti Isabella tí ó ti di olóògbé bí wọ́n ti ń tiraka láti ti ilẹ̀kùn náà. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, ilẹ̀ Faransé kéde ogun lé Sípéènì lórí.

Kí ni ìyìn àti ẹ̀bẹ̀ náà mú wá? Rubens kú ní 1640. Ferdinand kú ní oṣù kọkànlá ọdún 1641, kí ìwé náà tó dé ọwọ́ òǹkàwé. Ìwé ìkíni káàbọ̀ wá di ìwé ìdágbére. Ní Münster ní 1648, Sípéènì fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn tí ó jẹ́ kí odò Scheldt wà ní títì. Òpin ọ̀rúndún kejìdínlógún, nígbà tí àwọn ará Faransé gba ilẹ̀ náà, ni ó tó tún ṣí.

Àwọn kan lè tìtorí èyí sọ pé àsán ni ìwé náà jẹ́. Èmi kò gbà. Bí ó bá jẹ́ ìyìn nìkan ni ó wà nínú rẹ̀, ìyìn náà ìbá ti bá ẹni tí a ń yìn wọ ilẹ̀. Ẹ̀bẹ̀ inú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí ó kú. Aláṣẹ kò dáhùn, ṣùgbọ́n ìlú kò panu mọ́, ẹnikẹ́ni tí ó bá sì ṣí ìwé náà títí di òní yóò bá Antwerp lórí ìkúnlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ní nínà, tí ó ń bẹ Mercury pé kí ó dúró.